Ẹyin Ogaa ní Adágún Òkúta Wẹ́wẹ́

Arlys Gokee na apá sínú omi títí dé ìgúnpá, ó fa okùn tí ó so òṣùwọ̀n ooru mọ́ òpó, ó sì kà á. Dígírì Fáránháìtì mọ́kànlélógójì. Ó lọ sílẹ̀ ju ti àná lọ.

“Ó ti rí?” Dewey, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, bi í láti inú ọkọ̀.

“Ó ń lọ sẹ́yìn.”

“Èmi náà ń lọ sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Arlys ju òṣùwọ̀n náà padà sínú omi. Yìnyín ti yọ́ kúrò lójú adágún, gbogbo èèyàn sì ti rò pé òtútù ti parí, àfi bí òjò dídì tún ṣe dé. Àwọn akọ ogaa, ẹja tí wọ́n ń pa jẹ ní adágún náà, ti wọ́ wá sórí òkúta wẹ́wẹ́ etí omi, ojú wọn ń tàn bí ojú ológbò. Ṣùgbọ́n abo kì í tẹ̀ lé wọn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dúró nínú ibú títí omi yóò fi lọ́ díẹ̀ sí i. Bí òtútù bá sì pẹ́ jù, ara rẹ̀ yóò fa ẹyin náà mu, ọdún yẹn sì ti lọ nìyẹn.

Ọdún méjì ti lọ báyìí lọ́wọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ẹja pípa ti sọ pé bí Arlys, tó ń bá wọn tọ́jú ẹyin ogaa, kò bá rí ẹyin tó yè tó kún ìgò kan lọ́dún yìí, àwọn yóò ti adágún náà fún ọdún márùn-ún, kò ní sí ọ̀kọ̀, kò ní sí ìwọ̀. Ìyá wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde pé ó ṣeé ṣe kó má jẹ ogaa mọ́ kó tó kú.

Abo méjì péré ni àwọ̀n mú. Wọ́n wà nínú àgò àwọ̀n létí omi, ikùn wọn le bí bọ́ọ̀lù.

“Ẹ jẹ́ ká kúkú tẹ ẹyin náà jáde,” Dewey wí.

“Ṣé bí wọ́n ṣe tẹ ìwọ náà jáde nìyẹn? Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹyin tí kò gbó, òkú ni. Wá bá mi wọ́ àgò yìí.”

Wọ́n wọ́ ọ lọ sí kọ̀rọ̀ kan níbi tí omi kò ti jìn, tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú. Ẹrẹ̀ dúdú máa ń gba oòrùn mọ́ra, igi sì dí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn yọ díẹ̀ lọ́sàn-án, omi ibẹ̀ fi dígírì mẹ́ta lọ́ ju ti ìta lọ. Ojoojúmọ́ ni Arlys ń lọ fọwọ́ kan ikùn àwọn ẹja náà. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ìka rẹ̀ kò tètè ká mọ́.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí ikùn àkọ́kọ́ rọ̀. Arlys tẹ̀ ẹ́, ẹyin sì ń ṣàn sínú abọ́ bí ọkà bàbà. Ẹyin ogaa ní ihò kékeré kan tí àtọ̀ akọ ń gbà wọlé. Gbàrà tí omi bá ti kàn án, ihò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé. Arlys mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì wo apá aṣọ òjò rẹ̀, tí omi ń ti ibẹ̀ kán sínú abọ́. Akọ tí Dewey dì mú kò ní àtọ̀ kankan lára mọ́. Kí ó tó mú òmíràn, ẹyin náà ti lẹ̀ pọ̀.

Arlys da gbogbo rẹ̀ nù, ó jókòó sórí òkúta.

“Ẹ ò ní sunkún ṣá?” Dewey bi í.

“Mi ò lágbára ẹ̀.”

Ní ọjọ́ kejì, ikùn èkejì rọ̀. Òjò kò tíì dá. Dewey fi tapólì bò wọ́n, ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi nu abọ́, ó fi nu ikùn ẹja, ó tún fi nu ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ó ń rùn,” Arlys wí.

“Ó gbẹ.”

Ẹyin ṣàn, àtọ̀ akọ méjì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Arlys fi ìyẹ́ tòlótòló rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bu omi sí i, ó wá da amọ̀ kíkúnná sí i kí ẹyin má baà lẹ̀ mọ́ra. Ó rò ó títí apá rẹ̀ fi kú. Dewey gbà á, ó ń bá a rò ó lọ. Wọ́n tú abo náà sílẹ̀, ó rọra wọ inú ibú lọ.

Ní ilé ìtọ́jú ẹyin, wọ́n dà á sínú ìgò tí omi ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọlé, tí ẹyin sì ń yí lọ yí bọ̀ nínú rẹ̀. Àràárọ̀ ni Arlys ń fa àwọn tó kú, tó ti funfun, jáde. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ojú dúdú tó yọ nínú àwọn tó kù, méjì méjì, bí orí abẹ́rẹ́.

Leland Basina, olórí ìgbìmọ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìgò náà pẹ́.

“Kò kún dé ẹnu,” ó wí.

“Ẹ wo ojú wọn, Ọ̀gbẹ́ni Basina. Gbogbo wọn ló yè.”

Ó nà ró, ó di orúnkún mú. “A ò ní tì í. Ẹja méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan.”

“Méjì péré?” Dewey wí, ṣùgbọ́n ó ti ń wá ìwọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Arlys dín ọ̀kan nínú ẹja méjì tí Dewey pa, ó yọ egungun rẹ̀, ó gbé e síwájú ìyá wọn. Ìyá jẹ ẹ́ tán, ó ní iyọ̀ kò tó. Arlys ti sùn lórí àga.