Ẹ̀kọ́ Ìbọn Uncle Ọlágúnjú

Ká ní ẹnu ni wọ́n fi ń yìnbọn, Uncle Ọlágúnjú ì bá ti pa gbogbo àgbọ̀nrín Georgia ní Amẹ́ríkà tán. Oṣù mẹ́ta péré ló ti ní ìbọn tiẹ̀. Nígbà tí Oyèrónkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá kàwé, tó sì dé sọ́dọ̀ wọn ní Dacula, Clara ìyàwó rẹ̀ ní kí ọmọ náà lọ sí class, kó mọ béèyàn ṣe ń bá ìbọn gbé ilé kan náà.

"Class kẹ̀? Kí lèmi ń ṣe?" ni Uncle wí.

Lọ́jọ́ Saturday, wọ́n wa mọ́tò lọ sí ibi ìyìnbọn kan ní Duluth. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀, Oyèrónkẹ́ fọwọ́ òsì na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí Uncle.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń fún àgbà ní nǹkan nìyẹn? Ọwọ́ méjèèjì. Kó o sì kúnlẹ̀ díẹ̀."

"Ẹ má bínú, sà."

Nígbà tí wọ́n wọlé síbẹ̀, a ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó kọ́ ọmọ náà: má fi ìka kan tírígà àfi tó o bá fẹ́ yìn ín, gbà pé ọta wà nínú gbogbo ìbọn. Oyèrónkẹ́ yìn ín lẹ́ẹ̀kan, kò ba nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó ba bébà tí wọ́n gbé kọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀ẹ̀kẹta, àárín gan-an. Uncle ò tíì ba àárín rí láyé.

"Gbé e wá, jẹ́ n fi hàn ọ́."

Ńṣe ló yẹ kó gbé e sórí tábìlì, kó sún sẹ́yìn. Oyèrónkẹ́ yí padà, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ẹnu ìbọn ń wo ìdodo Uncle.

Eli, òyìnbó tó ń bójú tó ibẹ̀, ló fò wá yí ọwọ́ rẹ̀ sápá ibi tí bébà wà. Ó ṣí ìbọn wò. Ọta kan ṣì wà nínú rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ báyìí?"

Uncle la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ló jáde.

"Ẹ̀bi mi ni, sà," Oyèrónkẹ́ dáhùn. "Mo gbàgbé ni."

Eli ní Oyèrónkẹ́ ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ mọ́. Uncle ń wo bàtà rẹ̀.

Títí wọ́n fi délé ni ọmọ náà ń bẹ̀bẹ̀, Uncle sì ń sọ pé ó ti tán, bíi pé òun ló yẹ kó máa dárí jini. Clara ní báwo ni.

"Aunty, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Uncle. Ẹ jẹ́ n lọ wá hostel."

Ó ti ń fa báàgì rẹ̀ bọ̀ kí ohùn Uncle tó là.

"Gbé e sílẹ̀." Ó kọjú sí Clara. "Èmi ni mo ní kó máa kúnlẹ̀ fún mi, mi ò sọ pé ti ìbọn yàtọ̀. Ọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ bi í pé ta ló kọ́ ọ, mo dákẹ́, mo jẹ́ kó ru ẹ̀bi mi."

Clara ò pariwo. Ìyẹn ló dun Uncle jù.

"Daddy Hephzibah," ó fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀, "ẹ pe ọkùnrin yẹn. Kí gbogbo wa gbọ́."

Ó pè é, ó jẹ́wọ́. Eli fèsì.

"Kí ọmọbìnrin yẹn padà wá, kó wá sí class. Ìwọ ni mi ò fẹ́ rí."

Oyèrónkẹ́ fi báàgì sílẹ̀.

"Yes, sir," ni Uncle wí fún Eli, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.