Ọkọ Tuntun ní Brockley

Dáhùn, ìwọ arúgbó ọkọ̀ yìí, dáhùn! Ó ń yí, ó ń yí, kò dáhùn. Sípánà táyà wà lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kàn fẹ́ dé Brockley ni. Mi ò mọ ilé ọkùnrin náà… kò burú, màá kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí ẹ̀ ni màá kọ́kọ́ fọ́. Lẹ́yìn náà, eyín.

"Daddy, ọkọ tuntun Mummy wà ní Brockley. Ó fine gan-an! But it's a secret o."

Ìlérí ló sọ ọ́, ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, ṣíbí lẹ́nu. Kí ni ọmọ ọdún méje fẹ́ fi irú irọ́ yẹn ṣe? Ọkọ tuntun. Èmi wá di àlòkù — èmi tí mò ń gbé Agnes ìyàwó mi lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, nínú òtútù London…

Mo ti gbá Agnes lẹ́nu. Nínú kíṣìnì, ẹ̀ẹ̀mejì. "Kí ni mo ṣe?" ló ń sọ, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i lọ́wọ́. Ó ti ti ara ẹ̀ mọ́ bafúróòmù báyìí. Kó máa retí mi. Tí mo bá ti Brockley dé —

Kò dáhùn! Tàjùdéèn, mẹkáníìkì mi ní New Cross, sọ ọ́ títí: "Bọ̀dá Bánjí, kò sí nǹkan tó ṣe bátìrì yín. Pressure epo ló ń sá lọ tẹ́ ẹ bá ti páàkì. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì stáàtì. Ẹ gbọ́ pọ́ǹpù ná. Ẹ pa á, ẹ tún ṣí i, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin náà, ẹ kì í ní sùúrù gbọ́ nǹkan!"

Ó dáa. Mo ṣí i. Pọ́ǹpù ń kùn lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn… ó dákẹ́. Mo pa á. Mo ṣí i. Ó kùn, ó dákẹ́. Kí ló dé tí mò ń rántí Camberwell Green? Oṣù tó kọjá, ọkọ̀ yìí kú sójú títì, Ìlérí yọrí ní fèrèsé, ó ń pariwo sáwọn ìyá Yorùbá tó ń dúró de bọ́ọ̀sì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ti ọkọ Daddy!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. "Bàbá ẹ lọ́kọ?" Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Ọmọ tí wọ́n bí sí London — ọkọ, ọkọ̀, ọ̀kan náà ni lẹ́nu ẹ̀…

Ọkọ̀.

Agnes ra ọkọ̀.

Ọwọ́ mi yí kọ́kọ́rọ́ náà síwájú. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́, mi ò sì níbi tí mò ń lọ mọ́. Ká tiẹ̀ ní ọkùnrin ni… ká tiẹ̀ ní…

Ìlérí wà ní fèrèsé òkè, ó ń wò mí. Ó máa rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló la ètè ìyá òun. Irọ́ ni, ọmọ mi. Èmi ni mo là á.