Ẹ̀yìn Etí Bọ́ọ̀lù

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn oníbàárà ń pe onídìrí náà, nítorí pé ènìyàn lè sùn lọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó tó dìrí tán. Orúkọ yìí dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Bó bá ti ya irun obìnrin kan sọ́tùn-ún sósì, á wo awọ orí rẹ̀ fínnífínní, á sì sọ irú ọwọ́ tó dì í kẹ́yìn. "Ẹni tó ṣe eléyìí fún ẹ fẹ́ẹ́ pa ẹ́ ni. Wo bí iwájú orí ẹ ṣe ń re." Òtítọ́ ló sì máa ń sọ. Wàhálà ẹni tí kì í ṣìnà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í pẹ́ rò pé òun ò lè ṣìnà níbòmíràn.

Nọ́ọ̀sì kan wà láàárín àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rán nọ́ọ̀sì yìí lọ sí ìlú mìíràn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó gbé ẹran ọ̀sìn rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù nínú àgò. Ẹmọ́ òyìnbó ni, ẹranko bí eku tí kò ní ìrù, tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, tí irun rẹ̀ sì ń wọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù lorúkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, Mà. Bí ọmọ ló rí sí mi."

Onídìrí gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì fa ìtọ́jú rẹ̀ lé Kékeré lọ́wọ́.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni Kékeré. Láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú ló ti ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì ń kọ́ iṣẹ́ irun bó bá ti ilé ìwé dé. Irun ọmọláńgidi ló kọ́kọ́ fi kọ́ṣẹ́, kí wọ́n tó jẹ́ kó máa di ẹ̀gbẹ́ kan orí fún oníbàárà tó bá ní sùúrù. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Kò sí ohun tó wù ú láyé ju kí àǹtí rẹ̀ wo ìlà tó là lórí ènìyàn kó sì sọ pé, "Ó dáa." Lọ́jọ́ kan, ó fi rìbọ́ọ̀nù so irun Bọ́ọ̀lù ní àtàrí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì fi rẹ́rìn-ín.

Rìbọ́ọ̀nù yẹn ló kó bá a. Nígbà tí ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì máa dé ń sún mọ́lé, onídìrí gbé Bọ́ọ̀lù lé itan láti yà á nírun, kó lè dá a padà fún olówó rẹ̀ ní mímọ́. Ó gbé irun ẹ̀yìn etí rẹ̀ sókè. Ibẹ̀ pá! Awọ lásán ni, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó yẹ etí kejì wò, òun náà pá.

"Kékeré!"

"Mà!"

"O di irun ẹran yìí, àbí? O dì í, o fà á le, o wá fà á tu!"

"Rárá o, Àǹtí. Rìbọ́ọ̀nù nìkan ni mo so, àtàrí ni mo sì so ó mọ́. Bó ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí irun ṣe ń tu?"

Tíṣà kan, tí wọ́n ti di irun rẹ̀ dé ìdajì, wà lórí àga. Ó yí ọrùn láti wo ọ̀daràn. Bí onídìrí ṣe rí i pé òun ti rí ẹni tó ń gbọ́ ni ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Ó fa ẹsẹ̀ Bọ́ọ̀lù, ó ka ìka rẹ̀. Mẹ́rin ló bá níwájú, mẹ́ta péré lẹ́yìn.

"Ìka tó kù ńkọ́?"

Ta ni wọ́n ti bi léèrè ìka ẹmọ́ rí? Bọ́ọ̀lù alára ló tún wá dá kún un. Ó tẹrí ba sábẹ́ ikùn, ó fi ẹnu mú ìgbẹ́ tútù kan níbẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ wọ́nmuwọ́nmu.

"Yéè! Ebi lo fi ń pa á, débi pé ó ń jẹ ìgbẹ́ ara ẹ̀!"

"Àwọn ọmọ ìsìnyí," ni tíṣà wí, ó pàtẹ́wọ́.

"Ọwọ́ ẹ ò gbọdọ̀ kan irun ẹnikẹ́ni mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Táwẹ́ẹ̀lì ni kó o máa fọ̀."

Kékeré kò sunkún. Ó gbé ìyàrí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Wọn ò tilẹ̀ mẹ́nu kan ẹni tí kò gbọ́ ti ẹnì kankan.

Ẹ̀rù wá ń ba onídìrí pé Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ máa di orúkọ yẹ̀yẹ́. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tó ṣe. Ó gbé Bọ́ọ̀lù sínú báàgì, ó forí lé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹran ọ̀sìn ní òpin ìlú. Ó fẹ́ ra òmíràn tó jọ ọ́, kó gbé e sínú àgò, kó sì panu mọ́. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ọkàn òun débẹ̀.

"Onírun gígùn ni mo fẹ́, tó pupa lẹ́yìn, tó funfun níwájú orí. Kí ara ẹ̀ sì pé o!"

Ọkùnrin náà gbé ọ̀kan fún un. Ó ṣí ẹ̀yìn etí rẹ̀ wò, ó pá. Ó ní kó gbé òmíràn wá, òun náà pá. Ó mú dúdú, ó mú funfun, ó mú ọmọ tuntun tó wà lábẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n pá, wọ́n pá, wọ́n pá.

"Ta ló ń fa àwọn ẹran yín nírun báyìí?"

"Ta ló ń fa tiyín, Mà? Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí yín wò." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn."

"Ìka wọn ńkọ́?" Ohùn onídìrí ti lọ sílẹ̀.

"Mẹ́rin níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn."

Kò fẹ́ bi í ní ìbéèrè kẹta, ti ìgbẹ́ tí wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n ó bi í. Ọkùnrin náà ní ìgbẹ́ rírọ̀ yẹn, oúnjẹ tó ń gba inú wọn kọjá lẹ́ẹ̀kejì ni, àti pé èyí tí kò bá jẹ ẹ́ gan-an ni ara rẹ̀ kò yá. Ibẹ̀ ni Bọ́ọ̀lù ti han fíìn nínú báàgì. Ọkùnrin náà wo báàgì, ó sì wo ojú onídìrí. Ì bá wu obìnrin náà kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Ọmọ tuntun yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìka ra ẹ̀yìn etí rẹ̀. Awọ tí wọ́n bá fa irun tu lára rẹ̀ máa ń ní kùkùté irun, ó sì máa ń le kókó kókó. Èyí dán, ó rọ̀. Bí ti Bọ́ọ̀lù náà ṣe rọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ òtítọ́. Ẹnu rẹ̀ ló sáré ṣáájú ọwọ́. Ó dá ọmọ náà padà sábẹ́ ìyá rẹ̀, ó sì gbé Bọ́ọ̀lù padà. Ojú tì í títí tó fi délé, ó ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá bí ẹni tó jalè.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, ó gbé Bọ́ọ̀lù mọ́ra, ó yẹ̀ ẹ́ wò tẹ̀yìn tiwájú. "Ara ẹ̀ ò dán tó báyìí rí! Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, ẹ ṣeun gan-an." Tíṣà wà níbẹ̀, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kékeré wà nídìí ọpọ́n, ó ń fún táwẹ́ẹ̀lì, kò gbójú sókè. Onídìrí lè dákẹ́ o. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ṣé àgbà máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé níwájú oníbàárà?

"Kì í ṣe èmi," ló wí. "Kékeré ló tọ́jú ẹ̀. Mo parọ́ mọ́ ọn. Mo ní ó fa irun ẹran yìí tu, mo ní ó febi pa á. Gbogbo ẹmọ́ òyìnbó ló rí bẹ́ẹ̀. Tíṣà, ìṣojú yín ni mo ṣe bú u, ẹ jẹ́ kí èyí náà ṣojú yín." Ó kọjú sí ọmọ náà. "Má bínú sí mi, ọmọ mi."

Onídìrí tú gèlè orí rẹ̀, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà níwájú dígí.

"Wá di orí mi."

Kékeré nu ọwọ́, ó mú ìyàrí. Ó la ìlà kan tó tọ́ gbọnrangandan. Ṣùgbọ́n irun tó ń dì dẹ̀ jọ̀kọ̀jọ̀kọ̀, kò lè pẹ́ ju ọ̀la lọ.

"Ṣé ó ń dùn yín, Mà?"

"Kò dùn mí. Fà á díẹ̀ sí i."

"Mi ò lè fà á, Àǹtí. Tó bá wá tu ńkọ́?"

Onídìrí fẹ́ dáhùn, ó gbójú sókè sínú dígí. Ọmọ náà kò wo irun tó ń dì. Ẹnu àǹtí rẹ̀ ló ń wò.