Jẹnẹrétọ̀ Tí Wọ́n Ti Jí Sílẹ̀ De Àlejò

Ìyá Ẹ-Jẹ́-Ká-Tún-Un-Wò ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà ń pe obìnrin ayẹ̀rọwò yìí, nígbà mìíràn lójú rẹ̀ pàápàá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wò ó bóyá gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ lápapọ̀ lè gba ẹ̀mí là lọ́jọ́ tí iná bá lọ. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín jìnnà sí i. Ọmọ àbúrò rẹ̀, ìkókó ọjọ́ mẹ́rin tí oṣù rẹ̀ ò pé, wà ní àjà kejì, ẹ̀rọ oníná ló sì ń bá a mí.

Wọ́n kó ìwé lé e lọ́wọ́. Bátìrì yege lọ́jọ́ Ajé. Suwíìṣì tó ń gbé ilé náà bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀ yege lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, ọdún mẹ́ta gbáko, kò kùnà rí. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àwọn wọ̀nyí ní kí ìka kọ̀ọ̀kan máa dá sọ̀yà tirẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Baba Jẹnẹrétọ̀, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá wa! Ẹ wá wò ó, ó ti ń retí yín."

Obìnrin náà fọwọ́ kan irin ẹ̀rọ náà. Ó gbóná.

"Bàbá, ṣé iná lọ láàárọ̀ yìí ni?"

"Rárá o. Mo kàn tàn án fúngbà díẹ̀ ni, kí ara rẹ̀ lè yá. Gbogbo ìgbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò bá ń bọ̀ ni mo máa ń ṣe é. Àbí kí ẹ wá bá a ní tútù? Ta ló ń fi oúnjẹ àná ṣe àlejò?"

Ọdún mẹ́ta! Ẹ̀rọ tí wọ́n ti jí ni wọ́n ń dán wò pé ṣé ó máa jí. Bàbá ò sì gbèrò ibi kankan, ọmọlúàbí ló ń ṣe. Ẹ gbà mí!

Ó lè fọwọ́ síwèé kó máa lọ sílé. Kí n má parọ́, ó wù ú bẹ́ẹ̀. Bó bá pa iná, ọmọ àbúrò rẹ̀ lè kú sí i. Bí kò bá pa á, iná á yan ọjọ́ tirẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ pa á, bàbá. Ẹ má tàn án mọ́ títí n óo fi dé lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan dúró ti bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú báàgì rọ́bà tí wọ́n máa ń fọwọ́ tẹ̀ láti fẹ́ atẹ́gùn sí aláìsàn nínú. Àbúrò rẹ̀ nìkan ni kò sọ fún. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á.

Ó pa iná. Bátìrì gbé e. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó dákẹ́. Wọ́n ní bátìrì á lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àṣé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi dán an wò. Méjìlá ló ń fà á báyìí. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi kú.

"Ẹ dá iná padà!"

Suwíìṣì ti kọjú sí jẹnẹrétọ̀, kò padà. Wọ́n fà á, wọ́n tì í, ó ní ibi tí òun wà tẹ́ òun lọ́rùn.

Obìnrin náà lẹ fóònù mọ́ etí, ó pe nọ́ọ̀sì tó dúró ti ọmọ náà. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ó ń mí?"

"Mo ń tẹ̀ ẹ́, mà."

"Mo ní ṣé ó ń mí?"

"Mo ń tẹ̀ ẹ́, mà! Ẹ ṣe kíá!"

Kò tíì sí ẹ̀rù tó ba obìnrin náà báyìí láyé rẹ̀. Bàbá mú irin gígùn kan, ó ń fi ti suwíìṣì náà, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Èmi ni mo fa èyí o! Èmi ni!" Ó fi gbogbo agbára ti irin náà. Suwíìṣì dún gbàà, iná dé.

Obìnrin náà sáré gun àtẹ̀gùn. Àyà ọmọ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti dá ẹ̀rọ padà fún un, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ti gba báàgì rọ́bà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó gbá báàgì náà mọ́yà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ pa iná."

"Èmi ni."

"Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ mi wà níbí?"

"Torí pé ó wà níbí ni."

Omi lé ròrò sí àbúrò lójú. "Ó dáa. Ẹ búra fún mi pé iná ò ní lọ mọ́, kí n gbé báàgì yìí sílẹ̀."

Obìnrin náà wo ẹ̀rọ tó ń tanná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ó fa àga kan, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀.

"Má gbé e sílẹ̀," ló wí. "Bó bá rẹ̀ ẹ́, gbé e fún mi."