Oògùn Jámánì Nínú Àgbo Quadri

Bí Sìmíátù bá ti pinnu nǹkan, kí ará ilé yáa wá ibòmíràn jókòó sí. Lọ́dún 1986, nígbà tí iléeṣẹ́ átọ́míìkì kan gbiná nílùú òyìnbó, Yẹ̀kínnì ọkọ rẹ̀, tó ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́, fi ìgò oògùn áyódìn kan ránṣẹ́ láti Jámánì. Ó ní bí èéfín olóró náà bá fi lè dé Èkó, kí wọ́n lo hóró kan.

Kan ṣoṣo kẹ̀? Ta ló ń mu àgbo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Kí àrùn tó dé ni ọlọ́mọ ti ń rọ àgbo fún ọmọ láràárọ̀. Ni Sìmíátù bá ń lọ hóró kan kúnná lójoojúmọ́, ó ń pò ó mọ́ àgbo Quadri, ọmọ oṣù mẹ́ta. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi ń sùn ṣáá, tí ọrùn rẹ̀ sì ń ki. Ìyá ní oògùn ń ṣiṣẹ́ ni.

Moyọ̀sọ́lá, tíṣà físíìsì tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà ní Ìwáyà, kò lè mú un mọ́ra.

“Ìyá Quadri, èyí kì í ṣe àgbo o. Iná yẹn ò dé ọ̀dọ̀ wa.”

“Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ìtànṣán olóró wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wà nínú ẹ̀wà? Kí ni mò ń jẹ kí n tó fún ọmọ lọ́mú? Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ ò tíì bímọ, ẹ rọra.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Moyọ̀sọ́lá, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó yá ẹ̀rọ kan wá láti iléèwé, èyí tó máa ń dún bí ìtànṣán bá kàn án. Ó gbé e sí ọ̀gẹ̀dẹ̀: tà, tà. Ó gbé e sí ògiri: tà, tà. Ó gbé e sí Quadri: tà, tà.

“Yéè! Ó ti wọ inú ọmọ mi!” Sìmíátù ki ìgò mọ́lẹ̀. “Hóró méjì ni màá fún un lónìí!”

Ọ̀rọ̀ wá di ẹtì.  Moyọ̀sọ́lá gbé ẹ̀rọ náà sí àyà Sìmíátù fúnra rẹ̀. Tà, tà.

“Bó ṣe ń dún lára ògiri náà ló ń dún lára yín. Ọlọ́run ló dá a mọ́ ilẹ̀, mọ́ oúnjẹ, mọ́ ẹran ara wa, kékeré sì ni. Ṣé ẹ máa já ọmọ lẹ́nu ọmú torí ẹ̀ ni? Oògùn yìí ò lè lé e. Ọrùn nìkan ló ń dáàbò bò, lọ́jọ́ tí èéfín bá dé. Tí wọ́n bá ń lò ó lójoojúmọ́, ọrùn náà ló ń bàjẹ́.”

Sìmíátù fọwọ́ kan ọrùn ọmọ rẹ̀. Ó le, ó wú. Ẹ̀rù bà á. Ó pọn ọmọ, ó mú ìgò, kò dúró wé gèlè, ó di ilé ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà.

Dókítà tẹ ọrùn ọmọ, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ta ló ní kí wọ́n máa fún un lójoojúmọ́?”

Àwọn ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yíjú sí i. Sìmíátù lè dá Yẹ̀kínnì lẹ́bi. Ọkùnrin tó wà lórí omi, ta ni yóò bi í? Ṣùgbọ́n bí dókítà bá tipa irọ́ ṣìnà, Quadri ni yóò jìyà rẹ̀.

“Èmi ni,” ó sọ ọ́ sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́. “Láràárọ̀, láti oṣù tó kọjá. Ọkọ mi ò ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà, ẹ máa bú mi tó bá yá. Ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ mi.”