Oúnjẹ Ilé Zinsu

Nígbà tí owó epo fàyàwọ́ ń ṣàn, ta ni kò kọ́lé ní Mòwò? Alhaja Hùmúàní tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní ọjà Agbalata ń kó o fún wọn láwìn, ó sì ń ṣàdúrà sí i. Owó epo gbẹ, ilé ṣì wà lórí ìdúró, àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí owó sìmẹ́ǹtì mọ́. Zinsu ló ṣòro jù nínú wọn, nítorí kì í bá èèyàn jà. Ẹni tó bá wá gba gbèsè lọ́wọ́ rẹ̀, oúnjẹ ló máa ń fún un.

Alhaja rán Shamsudeen lọ gbowó, ó jẹ ìrẹsì alágbọn bọ̀. Dosu lọ, òun tilẹ̀ di ẹja tirẹ̀ wálé. Ta ni yóò jẹun èèyàn tán tí yóò tún le ojú mọ́ ọn?

"Alhaja, ẹ jẹ́ kí n lọ," Nurat sọ. Àgbọn ló ń fọ́ ní Gbaji, iṣẹ́ náà sì ti sú u.

Alhaja wò ó títí. "Bí o bá gbowó náà, iṣẹ́ di tìrẹ, wàá sì máa gba ìpín. Bí o bá jẹun bọ̀, padà sídìí àgbọn ẹ."

Ọjọ́ Ajé ló lọ. Zinsu ti ń rẹ́rìn-ín lókèèrè. "Kúabọ̀, ọmọ mi. Ìyàwó, gbé oúnjẹ wá."

Ìrẹsì dé, ẹja yíyan wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rù oúnjẹ yẹn ba Nurat ju ti Zinsu lọ.

"Ẹ ṣé, bàbá. Mo gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ wo? Ṣebí ẹ ti ṣọdún tán?"

"Ti Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni."

"Dúró, wàá fi ṣínu."

"Mo ti mú dàbínù dání, bàbá."

Zinsu sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ ẹja. Nurat ń dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ń fi owó Alhaja parí gbogbo rẹ̀. Ìrẹsì tutù. Ọkùnrin yìí kò tíì jókòó ti ẹni tó jẹ lówó rí láìjẹ́ pé ẹnu onítọ̀hún kún fóúnjẹ, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Nígbà tí Nurat kírun Àsárì tán tó tún jókòó, Zinsu wọ yàrá, ó kó owó jáde fún un.

Ó sìn ín dé títì. "Ọmọ mi, ọkùnrin kan ní Seme jẹ mí lówó ọkọ̀. Bí mo bá ti lọ báyìí, ọbẹ̀ ni mò ń jẹ bọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti kọ́ ọgbọ́n oúnjẹ yìí."

Nurat so owó mọ́ etí ìró rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ebi.

"Èmi náà máa gba ìpín o, bàbá," ó sọ. "Ọjọ́bọ̀ ni màá lọ sí Seme."