Orúnkún Tó Mọ Òkè, Tí Kò Mọ Ilẹ̀

Ẹ má dá mi lóhùn o, orúnkún kan wà tó gbọ́n ju olówó rẹ̀ lọ.

Bàbá Ẹlẹ́yin ń gbin àgbàdo, ó sì ń sin igba adìẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ni ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo di oúnjẹ adìẹ. Òun ló ń ra àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló ń ta oúnjẹ fún un. Òkè ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ ni pátákó iye oúnjẹ wà, iye tó bá sì wà lójú pátákó labẹ́ gé níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àgbàdo gbówó lórí, oòrùn ò tíì ta tí Ẹ̀gbọ́n fi gun àkàbà lọ kọ iye tuntun. Nígbà tó yá, àgbàdo já wálẹ̀ dé ìdajì. Ẹ̀gbọ́n ra ti Bàbá Ẹlẹ́yin ní ìdajì owó lọ́jọ́ náà gan-an. Pátákó ò mira.

"Ẹ̀gbọ́n, àgbàdo ti wálẹ̀ o."

"Mo gbọ́, àna mi. Orúnkún ló ń dùn mí. Àkàbà náà sì ti ṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni orúnkún fi dun ọkùnrin yìí. Bàbá Ẹlẹ́yin ò rí owó bọ́ adìẹ mọ́. Ó ti bá ẹlẹ́ran sọ ọ́ pé kó wá kó gbogbo wọn ní Sátidé, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́, torí wọn lòun àti ìyàwó rẹ̀ gbójú lé.

Ìyá Oníkéèkì tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣàánú rẹ̀. Ó ní kó wá gbé àkàbà tòun.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Ẹlẹ́yin ru àkàbà dé ilé ẹ̀rọ níṣojú àwọn oníbàárà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí orúnkún yín sinmi. Màá bá yín kọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n wojú àwọn èèyàn, ó sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Ẹlẹ́yin gun òkè, ó kọ iye tó tọ́. Adìẹ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ.

Ó ru àkàbà padà, ó dúpẹ́ títí.

"Kò tọ́pẹ́," Ìyá Oníkéèkì wí. "Ẹyin wá ńkọ́? Àárọ̀ ọjọ́ tí oúnjẹ adìẹ lọ sókè lẹ fowó lé e."

Bàbá Ẹlẹ́yin wolẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi orúnkún.

"Ìyá, oúnjẹ olówó gọbọi yẹn ṣì wà níkùn àwọn adìẹ. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

Obìnrin náà ò bá a jà. Ó gbé àkàbà rẹ̀ wọlé.

"Tí pátákó bá tún kọ̀ tí kò wálẹ̀," ó ní, "ẹ gun adìẹ dé ibẹ̀."

Ó tilẹ̀kùn.